Ìdákẹ́rọ́rọ́ Nìkan Kọ́ Ni Ìlera: Ọ̀rọ̀ Àwọn Ìdílé Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́ Tó Kó Wá sí Àbújá

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó olú-ìlú orílẹ̀-èdè yìí kúrò ní Èkó wá sí Àbújá. Òfin tó dá agbègbè náà sílẹ̀ ti jáde láti oṣù Kejì ọdún 1976, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akinọlá Àgúdà jẹ́ alága rẹ̀ ti jábọ̀ pé Èkó ti kún ju ohun tí olú-ìlú lè gbà lọ. Láti ìgbà náà títí di òní, àwọn ìdílé Yorùbá tó ti di ẹrù wọn láti Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wá síbí kò lóǹkà. Bí a bá bi wọ́n léèrè ìdí, púpọ̀ nínú wọn yóò ní nítorí iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń fi gbólóhùn kan kún un, wọn a ní: "Ibi tó tòrò ni a ń wá."

Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ní Mushin tí a ń gbé tẹ́lẹ̀, agogo márùn-ún ìdájí ni mo máa ń gbé ọmọ mi kúrò lórí ibùsùn, tòun ti oorun lójú, kí a lè sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland. Nígbà tí a bá fi padà dé ní alẹ́, ó ti tún sùn sí èjìká mi. Ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́rin ló ń ké lábẹ́ fèrèsé wa, tí aládùúgbò kan bá sì pa tirẹ̀, ẹlòmíràn a tan tirẹ̀. Ọmọ ọdún méjì náà kì í sùn gbádùn, gbogbo nǹkan ló ń bí i nínú, èmi náà sì ń fi ìbínú dá a lóhùn.

A kó wá sí ọ̀nà Bwari, níbi tí àwọn òkè àpáta wà lẹ́yìn ilé. N kò ní purọ́, àǹfààní rẹ̀ hàn kíá. Kí oṣù kan tó pé, ọmọ náà ti ń sùn láti agogo mẹ́jọ alẹ́ di òwúrọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn láti ọdún 1999 pé kí ariwo inú yàrá tí ènìyàn ń sùn má ṣe ju ìwọ̀n decibel 30 lọ ní òru, èyí tó kéré sí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ní ọdún 2019 àjọ náà tún sọ pé ó yẹ kí ọmọ ọdún kan sí méjì máa sùn fún wákàtí 11 sí 14 lójúmọ́, kí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin sùn fún wákàtí 10 sí 13, kí àwọn méjèèjì sì máa sáré, kí wọ́n máa ṣeré fún ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lójúmọ́. Ìdílé tó ń jáde ní ìdájí ní Èkó mọ̀ pé irú ìṣirò yìí kò lè bá ojúmọ́ tirẹ̀ mu. Nítorí náà, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà pé ó wá ibi tó dákẹ́ fún ọmọ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ wà ní ìhà kejì, ọmọ wa kejì ni ó sì fi yé mi.

Nígbà tí mo bí i, ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, kò lè rin ìrìn àjò náà. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé kún. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, gbogbo ènìyàn ti lọ. Láti ọjọ́ kejì, ọkọ mi ń jáde lọ sí ọ́fíìsì láàárín ìgboro ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, agogo méje alẹ́ ni ó ń wọlé. Ó ku èmi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ìkókó àti àwọn òkè. Bí ìkókó bá sùn, èmi kì í lè sùn. Mo máa ń gbọ́ ìró ọkàn ara mi. Ní ọjọ́ kan mo rí i pé agogo mẹ́rin ọ̀sán ti lù, n kò tíì jẹun, ọmọ ńlá sì ti wo ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán láti òwúrọ̀ nítorí pé n kò ní agbára láti bá a sọ gbólóhùn kan.

Iṣẹ́ ìmọ̀ èdè ni mo kọ́, ìtumọ̀ ni mo sì fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe ibi tí kò sí ariwo. Bí omi bá fara balẹ̀ tí ìdọ̀tí rẹ̀ sì rọlẹ̀, a ní ó tòrò; bákan náà ni ìlú tí kò sí ìjà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ti lọ, a kì í sọ pé ó tòrò, a ní ó dá páropáro. Kò sí ariwo nínú àwọn méjèèjì, síbẹ̀ kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Ibi tó tòrò ni a bá wá sí Àbújá. Ilé tó dá páropáro ni mo fi ń tọ́jú ọmọ.

Nígbà tí ìkókó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì wọn ọmọ, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó kọ ọ́ sínú káàdì, lẹ́yìn náà ó wo ojú mi ó sì bi mí pé, ta ló wà pẹ̀lú mi nílé? Mo ní kò sí. Ẹkún ni mo fi parí ìdáhùn náà. Ó mú ìwé kan jáde tí ìbéèrè mẹ́wàá wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣègùn ìlú Edinburgh gbé jáde ní ọdún 1987, tí wọ́n sì ń lò káàkiri ayé láti fi mọ ìyá ọmọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti mú lẹ́yìn ìbímọ. Ó tọ́jú mi, ó fi mí hàn fún dókítà, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Àìsàn ni èyí, kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí àìmoore. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lágbàáyé, bí mẹ́tàlá ni ìṣòro ọpọlọ máa ń bá, tí ìrẹ̀wẹ̀sì sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ogún. Ẹkún díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, bí ìyá kò bá lè sùn nígbà tí ọmọ ń sùn, bí oúnjẹ kò bá wù ú tàbí tí ó ń sọ pé òun kò wúlò, ó yẹ kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ọmọ lára, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n mú un lọ, kí wọ́n má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo. Ní ọdún 1954, ní Àrò lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ó ṣètò kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé nínú àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kí wọ́n má baà wà ní àtìmọ́lé nínú wọ́ọ̀dù. Àwọn tó gbọ́ ìtàn náà sábà máa ń rántí abúlé, oko àti afẹ́fẹ́ tútù. Wọ́n máa ń gbàgbé ìdajì rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù: aláìsàn kì í dá wá, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a gbé níbẹ̀, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀. Lambo, tó padà di igbákejì olùdarí àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, mọ̀ pé ibi tó dákẹ́ láìsí ènìyàn kì í wo ẹnikẹ́ni sàn.

Èrò mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ sí ibi tó tòrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka iye ènìyàn tí yóò wà nítòsí, kí ó tó ka iye yàrá. Ta ni yóò gbé ìkókó fún wákàtí kan kí ìyá rẹ̀ lè sùn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "kò sí", a jẹ́ pé ilé náà kò tíì ṣe é kó sí, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Àwọn bàbá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá, yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 16 tí ìyá ọmọ ní bí òun náà bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo mọ àwọn tó gba ìsinmi náà tí wọ́n sì fi lọ dúró ti àwọn bíríkìlà níbi ilé tí wọ́n ń kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ìkókó ni wọ́n fún yín láàyè láti wá dúró tì.

Ọ̀rọ̀ kékeré méjì míì wà fún ẹni tó ń bọ̀. Káàdì àjẹsára ọmọ kò gbọdọ̀ wà nínú ẹrù tí ọkọ̀ ẹrù ń gbé bọ̀. Inú àpò ìyá ni kí ó wà, nítorí ibi tí wọ́n bá bá a dé ni ilé ìwòsàn tuntun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, ọyẹ́ ibí kì í ṣe ti Èkó. Eruku rẹ̀ máa ń kó ikọ́ bá ọmọdé, apá àríwá orílẹ̀-èdè yìí sì wà nínú ẹkùn tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ti ń jà jù ní Áfíríkà, láti Senegal títí dé Ethiopia. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹfà, ni ó máa ń le. Ní ọdún 2024, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo abẹ́rẹ́ tuntun tó ń dènà ẹ̀yà márùn-ún kòkòrò àrùn náà ní gbogbo àgbáyé. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì àdúgbò yín bí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní tiwa, ìyá Gbàgyí kan tó máa ń ru igi ìdáná sí èjìká kọjá níwájú ilé wa ló kọ́kọ́ yà wọlé. Èdè rẹ̀ kò yé mi, tèmi kò yé e. Ó sọ igi rẹ̀ kalẹ̀, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó sì fi ọwọ́ júwe yàrá fún mi pé kí n lọ sùn. Wákàtí méjì ni mo sùn. Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wa, ẹ̀yìn náà ni mo sì wá mọ̀ pé ìyá ọmọ mẹ́rin mìíràn wà ní òpópónà wa tí ilẹ̀kùn wọn máa ń tì látàárọ̀ bí ti èmi. Nísinsìnyí, ọjọ́ Sátidé ni a máa ń kó àwọn ọmọ jọ sí abẹ́ igi máńgòrò kan, a ó gbẹ́ ẹní sílẹ̀, àwọn ìkókó á máa rá lé ara wọn lórí, ariwo àwọn tó ti tó sáré kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìdílé kan kó dé láti Agége sí ilé tó kángun sí òkè. Ìyàwó ilé náà wà nínú oyún oṣù méje. Ó sọ fún mi pé inú òun dùn, ibí tòrò púpọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gba nọ́ńbà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀.