Bí Bàálù Bá Já Sínú Ẹgàn Ìmórù

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2021, bàálù kékeré kan ti àwọn ológun òfuurufú já nítòsí pápákọ̀ Àbújá, lẹ́yìn tí awakọ̀ ké gbàjarè pé ẹ́ńjìnnì ti kọṣẹ́. Èèyàn méje ló kú. Ìyẹn já nítòsí ìlú, gbogbo ayé gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹgàn Ìmórù tàbí oko kòkó Arímọ̀gíjà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ńkọ́? Àgbẹ̀ àti ọdẹ ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni ìjọba yóò sì tẹ̀lé.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà tí bàálù Bellview gbéra l'Ékòó lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2005 pẹ̀lú èèyàn 117, tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ìròyìn tó kọ́kọ́ gbalẹ̀ ni pé Kíṣí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló já sí, wọ́n tilẹ̀ ní àwọn kan ṣì wà láàyè. Irọ́ gbuu! Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà, kò sì sẹ́ni tó yè. Ká ní ẹnì kan ṣì ń mí níbẹ̀ ni, àhesọ ni ì bá pa á.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, bàálù kékeré ti Wings Aviation gbéra l'Ékòó, ó ń lọ sí agbègbè Obudu pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Lóòótọ́, òkè ló kọlù, ẹ́ńjìnnì kọ́ ló kú. Ṣùgbọ́n wọ́n wá a títí, ó lé ní oṣù márùn-ún kí wọ́n tó rí àfọ́kù rẹ̀. Àwọn ọdẹ ló rí i.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, bàálù kì í já lulẹ̀ bí òkúta. Cessna 172 tó wà ní kìlómítà kan sókè ṣì lè rá bàbà tó kìlómítà mẹ́sàn-án, kí awakọ̀ fi wá ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ariwo rẹ̀ ń ṣe ségesège tó sì dákẹ́, ẹ kúrò ní pápá àti ojú títì. Ẹ wo ibi tó kọrí sí, kí ẹ sì wo aago.

Bó bá já, ẹ pe 112, ẹ ké sí baálẹ̀, ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn. "Inú igbó lọ́hùn-ún" kò tó. Ẹ dárúkọ odò, abà àti ọ̀nà oko tó sún mọ́ ibi tó já sí jù. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́kì, kí ọlọ́kadà kan sáré lọ síbi tí nẹ́tíwọ́kì wà. Ẹ má tan sìgá tàbí ògùṣọ̀ nítòsí bàálù náà, nítorí epo. Ẹni tó fara pa, ẹ má fà á àfi bí iná bá fẹ́ ràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó nǹkan kan. Àpótí tí wọ́n ń pè ní dúdú, àwọ̀ ọsàn ló ní, bàálù kékeré mìíràn kò tilẹ̀ ní in. Nígbà náà, àfọ́kù ẹ̀rọ ni olórí ẹ̀rí tí NSIB, àjọ tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù, yóò ní. Irin tí ẹnì kan tà fún oníkóńdẹ́mù lè jẹ́ èyí tí ì bá sọ ohun tó pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀yin olórí ọdẹ àti olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín sórí fóònù, kí ẹ sì pín in fún àwọn èèyàn yín ní ìpàdé tó ń bọ̀ yìí.