Ẹni tó ń jà kò gbọdọ̀ jẹ́ adájọ́ ìjà

Ọ̀rọ̀ eré orí fóònù ni a gbé wá lónìí. Kí àgbàlagbà kankan má ṣe kọjá lọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Owó wà nínú rẹ̀, ìjà wà nínú rẹ̀, àpò àwa òbí sì ni owó náà ti ń jáde.

Ẹni tí kò bá mọ Free Fire, kó bi ọmọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ méjìlá lè wọ inú yàrá kan, ọmọ 48 nìyẹn. Wọ́n á balẹ̀ sí erékùṣù, wọ́n á máa lé ara wọn kiri títí yóò fi ku ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣí yàrá ló ń fún àwọn yòókù ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọlé. Ní àsìkò ìsinmi, àwọn kan ti sọ ọ́ di ìdíje: ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi 500 fránkì ránṣẹ́ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ọmọ 48, 24 000 fránkì. Bí ẹgbẹ́ tó borí bá gba 15 000, 9 000 ku sọ́wọ́ ẹni tó ṣètò. A kò bá a jà lórí ìyẹn o, ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó jẹun.

Ohun tí a ń bá a jà lé lórí ni pé òun tó gba owó, òun náà ló ṣí yàrá, òun náà ló ń ka àmì, ẹgbẹ́ tirẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń jà. Irú ẹjọ́ wo nìyẹn?

Àwa olùkọ́ mọ bí a ṣe ń ṣe ìdánwò CEP àti BEPC. A máa ń bo orúkọ ọmọ kí ìwé rẹ̀ tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe pé gbogbo olùkọ́ ló ń ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ìwé ọmọ rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní rọ̀?

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí wọ́n ṣe ń ka àmì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn ọmọ jẹ. Nínú àwọn ìdíje Free Fire ńláńlá, ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kìíní ń gba 12, ipò kejì 9, ẹ̀kẹta 8, ẹ̀kẹrin 7, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ dé ẹ̀kẹwàá tó ń gba 1. Lẹ́yìn náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ bá pa, àmì 1. Ká ní ẹgbẹ́ kan ṣe ipò kìíní, ó pa ẹni mẹ́ta: 15. Òmíràn ṣe ipò kẹrin, ṣùgbọ́n ó pa ẹni mẹ́sàn-án: 16. Àwọn tó kú ṣáájú ló borí! Bí wọ́n bá ti sọ èyí fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó sanwó, kò sí wàhálà. Kálukú á mọ̀ bóyá kí òun fara pamọ́ tàbí kí òun máa wá ènìyàn kiri. Nílùú tiwa níbí, ẹnì kan ṣètò ìdíje, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ìjà parí, tó rí i pé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ òun tètè kú ṣùgbọ́n wọ́n pa púpọ̀, ó ní iye tí kálukú pa nìkan ni a ó kà. Nígbà tí wọ́n tún jà, ó ní ipò ni. Àwọn ọmọ bi í léèrè. Ó ní òun ló ni yàrá.

Òun ló ni yàrá! Àwọn bàbá wa tó ń ta ayò lábẹ́ igi kò ní gba irú ìyẹn. Ihò 12, ọmọ ayò 48 (iye kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ inú yàrá yẹn, ẹ ò rí nǹkan), ẹni tó ni ọpọ́n kò sì ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òǹwòran ayò lè sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú, nítorí gbogbo ohun tó ń rí ni àwọn tó ń ta náà ń rí. Ti Free Fire kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wòran nínú yàrá lè rí ibi tí gbogbo ẹgbẹ́ sá pamọ́ sí. Bó bá fi fóònù kejì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “Wọ́n wà lẹ́yìn ilé yẹn,” ìjà ti parí. Adájọ́ nìkan ló yẹ kó máa wòran, adájọ́ ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ ní ẹgbẹ́ níbẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan á ní ohun tí ẹ̀rọ bá ti gbà láyè kò lè jẹ́ àrékérekè. Wọ́n ti ṣe irú ẹjọ́ yìí rí nínú World of Warcraft, eré tí ènìyàn ti ń gbé àwọ̀ akọni wọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2010, ẹgbẹ́ Ensidia kó ènìyàn 25 jọ, wọ́n pa Lich King. Etí ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé máa ń wó nínú ìjà náà, bọ́ǹbù kan tí wọ́n ń jù sì ń mú un padà bọ̀ sípò. Blizzard tó ni eré gba oyè àti ẹrù ogun lọ́wọ́ wọn, ó tì wọ́n síta fún wákàtí 72. Ẹgbẹ́ náà ní bọ́ǹbù tí àwọn ń jù lójoojúmọ́ ni. Lójú tiwa, àwíjàre wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, nítorí inú eré náà ni bọ́ǹbù ti wá. Ṣùgbọ́n Blizzard kò bá wọn du oyè, ó sì sọ ìdí tó fi jẹ wọ́n níyà. Ẹni tó ní òun ló ni yàrá kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já ńkọ́, iná tó ń lọ ńkọ́? Kí wọ́n sọ ọ́ ṣáájú. Àwa rò pé bí àwọn ọmọ bá ti balẹ̀, kí ìjà máa lọ. Yóò dun ẹni tí tirẹ̀ já, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n dá ìjà dúró nígbà tó bá jẹ́ ti ọ̀rẹ́ adájọ́ ló já.

Wọ́n á bi wá pé ta ni yóò máa ṣe adájọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló ní lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ yọ 2 000 nínú 9 000 yẹn fún ọ̀dọ́ kan tí kò bá wọn jà.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fún ọmọ ní 500, ẹ ní kó fi òfin ìdíje náà hàn yín lákọsílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ mú owó yín dání. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò, bí ẹ bá ti kọ òfin yín ní Faransé, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó tú u sí Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, kí ìyá tó ń ta nǹkan lọ́jà Kétu náà lè mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ sanwó sí.