Ẹ Bi Àwọn Olùkọ́ Léèrè

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹ̀kọ́ ìlò ilé-ìkàwé wà lára GST, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogbogbòò, tí ọmọ ọdún kìíní ń ṣe. Wọ́n á kó wọn jọ rẹpẹtẹ sí gbọ̀ngàn, wọ́n á ṣàlàyé nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé, ìdánwò á tẹ̀ lé e. Ó parí!

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ní ọdún àṣekágbá ló ń rí àbájáde rẹ̀: ìtọ́kasí tí kò ní ọdún, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣí rí. Á fi bírò pupa fa igi sí i, á kùn, á sì dákẹ́.

Ìkùnsínú yẹn gan-an ló yẹ kí ilé-ìkàwé máa wá kiri. Fọ́ọ̀mù tó ń béèrè bóyá ẹ̀kọ́ dára kò tó. Ta ni kì í mú "bẹ́ẹ̀ ni"? Kí òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì, kí wọ́n jọ yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń fẹ́: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń wá nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ti ìṣègùn ń wá lórí PubMed, àkójọ ìwádìí ìṣègùn lórí ayélujára. Kí sẹ́nétì yunifásítì sì sún apá kan ẹ̀kọ́ náà sí ìgbà tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ bá ń bẹ̀rẹ̀.