Bí Mo Ṣe Fi Páálí Kan Ọkọ̀ Ogun Jámánì

Àwọn kan nínú yín ti ń bèèrè ohun tí ó gba àkókò mi láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: ohun ìṣeré ni mo ń kàn. Èmi olórí ewú yìí, páálí, gọ́ọ̀mù àti abẹ ni mo ń kó síwájú lálaalẹ́, tí mo fi ń kan ọkọ̀ ogun.

Kì í ṣe ọkọ̀ ogun ayé òde òní. Èyí tí àwọn Jámánì kọ́kọ́ fúnra wọn ṣe tí wọ́n sì gbé lọ sójú ogun ni, ní ọdún 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ogun kan náà ni àwọn ará ilẹ̀ wa kan fi bá àwọn Jámánì jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 títí di 1916. A7V ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ìkékúrú orúkọ ẹ̀ka iléeṣẹ́ ogun tí ó ní kí wọ́n ṣe é ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbé tiwọn jáde ṣáájú, ní 1916. Kí amí má baà mọ̀, wọ́n ní táǹkì omi ni àwọn ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí táǹkì omi ẹ̀yìn ilé yín àti ọkọ̀ ogun fi ń jẹ́ orúkọ kan náà títí di òní.

Ìyá àwọn ọmọ kò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí rárá. Ó ní, "Olówó orí mi, ṣé ogun lẹ fẹ́ kó wọ inú ilé wa ni?" N kò dá a lóhùn. Àkọ́bí wa jẹ́ ṣọ́jà. Ọkọ̀ ogun onírin ni ó ń wà ní apá Bọ̀nú. Bí mo bá bi í lórí fóònù pé báwo ni ibẹ̀ ti rí, a máa ní, "Bàbá, kò sí wàhálà." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mo wá sọ fún ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí n kò lè rí inú tirẹ̀, kí n kúkú kan èyí tí ìwé ti ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Mo fi 35 pín gbogbo ìwọ̀n. Ọkọ̀ gidi gùn tó mítà 7.34, tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21. Ó fẹ̀ tó mítà 3.1, tèmi kò pé sẹ̀ǹtímítà 9. Ó ga tó mítà 3.3, tèmi fi díẹ̀ lé ní 9. Ohun tí ó wúwo tó nǹkan bí 30 tọ́ọ̀nù di ohun tí mo lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́. Ó rí bí àpótí onírin ńlá. Ìbọn ńlá kan wà níwájú, ìbọn arọ̀jò-ọta mẹ́fà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ní ẹ̀yìn. Ike inú bíírò ni mo fi ṣe ìbọn ńlá, ọwọ́ ìgbálẹ̀ ni mo gé fún àwọn kéékèèké. Orí ìṣó tí ó wà lára irin ni ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ bọ gọ́ọ̀mù, mo ń kán an sára páálí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gbẹ, a yọ bí orí ìṣó gan-an.

Nígbà tí mo rò pé mo ti parí ara rẹ̀, mo tún wo àwòrán, ara mi sì bù máṣọ. Mo ti gbé ikùn ọkọ̀ náà ga jù. Sẹ̀ǹtímítà 3 ni mo fi sí abẹ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe mítà kan ó lé lára ọkọ̀ gidi. Bẹ́ẹ̀ ìdajì mítà kò sí lábẹ́ ti gidi. Àbùkù rẹ̀ tí ó tóbi jù nìyẹn: bí ó bá dé ibi kòtò tàbí ilẹ̀ tí ọta ti hú, ikùn rẹ̀ a fi lélẹ̀, kò ní lè lọ mọ́. Mo jókòó, mo bi ara mi pé báwo ni mo ṣe ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, èmi tí mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Kì í ṣe ìṣirò ni mo ṣì. Baba ni mo jẹ́. N kò fẹ́ kí ọkọ̀ náà há, ọwọ́ mi bá gbé e sókè láìjẹ́ pé mo mọ̀. Mo tú u, mo sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé òṣùwọ̀n tí ó bá ti ń ṣàánú ènìyàn, òṣùwọ̀n èké ni.

Lẹ́yìn náà ni mo fi amọ̀ mọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 5. Àwọn 18 ni ó ń wọ ọkọ̀ náà. Mo tò wọ́n títí, wọn kò fẹ́ gbà. Mo tún ìṣirò ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó pé. Ẹ́ńjìnnì Daimler méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára ẹṣin 100, ni ó wà láàárín wọn. Orí wọn gan-an ni awakọ̀ àti ọ̀gá ọkọ̀ ń jókòó sí. Ẹ ro ooru ibẹ̀ wò.

Ogún péré ni àwọn Jámánì rí ṣe, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe tiwọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1918, ní Villers-Bretonneux ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ ogun pàdé ọkọ̀ ogun fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Nínú ogún yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù lónìí. Mephisto ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Jámánì ya èṣù pupa sí iwájú rẹ̀, tí ó gbé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì há abíyá. Àmọ́ ó há sínú kòtò nítòsí ìlú yẹn, àwọn ṣọ́jà Ọsirélíà sì wọ́ ọ lọ. Ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Brisbane ni ó wà dòní. Ẹni tí ó ní òun yóò gbé ọ̀tá lọ ni ọ̀tá gbé lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ mi gba ìsinmi wálé. Ó rí ọkọ̀ náà lórí tábìlì, ó ṣí òrùlé rẹ̀, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó wá fi ìka kan awakọ̀ alámọ̀ náà. Ó ní, "Bàbá, níbi gíga tí ẹ gbé eléyìí jókòó sí, kò lè rí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ dáadáa." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. Àkùkọ kọ kí ó tó dákẹ́. Ohun tí ó sọ fún mi kò sí fún ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé ó ti mú ìborí rẹ̀ kan bo ọkọ̀ náà, kí eruku má baà bà á jẹ́. Kò tún bi mí mọ́ bóyá ogun ni mo fẹ́ kó wọlé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín dákẹ́ jù, ẹ má fi ìbéèrè há wọn mọ́. Ẹ wá ohun tí ẹ̀yin àti wọn lè jọ fi ọwọ́ kàn lórí tábìlì kan. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.