Ariwo Kì Í Pa Ìbínú

Ní Pápá Àjàó, l'Ékòó, láti inú ilé tí ojúlé ti kọjú sí ojúlé títí dé ọjà Ládípọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, tọmọdé tàgbà ló gbà pé ẹni tínú ń bí gbọ́dọ̀ pariwo kí ara rẹ̀ tó lè fúyẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi yangàn: "Èmi kì í di èèyàn sínú. Bí mo bá ti sọ̀kò ọ̀rọ̀ tán, ó parí nìyẹn." Irọ́ ni. Kì í parí. Ìgbàgbọ́ yìí ti tú ilé ká, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń wò wá pé èébú ni oògùn ìbínú.

Ẹ wo ohun tí Brad Bushman, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, rí nínú ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 2002. Akẹ́kọ̀ọ́ 600 ló fi dán an wò. Wọ́n kọ́kọ́ bẹnu àtẹ́ lu ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ, kí inú lè bí wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí àwọn kan máa lu àpò tí àwọn abẹ̀ṣẹ́ fi ń gbára dì, kí wọ́n sì máa ro ẹni tó bú wọn. Àwọn kan ń lu tiwọn, ṣùgbọ́n eré ìdárayá ni wọ́n ń rò. Àwọn yòókù kàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Àwọn tó ń lù ú tí wọ́n ń ro ọ̀tá ni inú wọn ṣì ń ru jù lọ, àwọn náà ló sì gbẹ̀san kíkan jù. Àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ ni kò fẹ́ ṣèkà tó bẹ́ẹ̀. Ní 2024, Bushman àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Sophie Kjærvik, kó ìwádìí 154 jọ, èyí tó kan èèyàn tó lé ní 10,000. Ohun tó ń mú ara rọlẹ̀, bíi mímí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ló ń dín ìbínú kù. Sísáré pàápàá ń dá kún un. Kò sì yà mí lẹ́nu: àyà tó ti ń lù kìkì ni ariwo tún ń lé sáré, ẹni tó ń pariwo sì ń tún ẹ̀ṣẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ kà sí etí ara rẹ̀.

Àwọn tó ń pariwo á ní, "Ṣebí ara máa ń tù mí?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń tù yín, ewu ibẹ̀ sì nìyẹn, torí ohun tó bá dùn mọ́ni lónìí la ó tún ṣe lọ́la. Wọ́n tún ní ẹni tó bá pa ìbínú mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí oníṣègùn Murray Mittleman gbé jáde ní 1995 fi hàn pé láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn ìbínú tó le débi pé èèyàn ń fún eyín pọ̀, ewu ìkọlù ọkàn ju ìlọ́po méjì lọ. Ìbínú fúnra rẹ̀ ló yẹ ká mú rọlẹ̀.

Ṣé kí ayálégbé tí wọ́n rẹ́ jẹ wá panu mọ́ ni? Rárá o! Kó sọ ọ́, lẹ́yìn tí àyà rẹ̀ bá ti balẹ̀, kó sì sọ ọ́ níbi tí nǹkan yóò ti yí padà. Láti 1999 ni ìjọba Èkó ti dá ilé ìlàjà tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ onílé àti ayálégbé, gbèsè àti ìjà ẹbí, wọn kì í sì í gbowó. Níbẹ̀, ẹnì kan á rojọ́, ẹnì kejì á gbọ́, òun náà á sì rojọ́ tiẹ̀; bí wọ́n bá fẹnu kò, wọ́n á kọ àdéhùn sílẹ̀, àwọn méjèèjì á sì fọwọ́ sí i.