Bí Ògiri Kò Bá Lanu

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé sé Èkó mọ́lé nítorí àrùn kòrónà, oorun di ọ̀wọ́n ní àdúgbò Pleasure. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ jàǹdùkú tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń bọ̀, wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ Awawa ti sọ ọjọ́ tí wọn yóò dé. Láti Ìyànà-Ìpájà títí dé Abúlé-Ẹ̀gbá, táyà ń jó ní ìkòríta, èéfín rẹ̀ sì ń wọlé bá àwọn ọmọdé lórí ẹní. Àwọn bàbá tó yẹ kí wọ́n ti sùn gbé àdá àti pátákó, wọ́n jókòó sẹ́nu géètì àdúgbò títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó bá ń kọjá, wọn á tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, wọn á bi í pé ọmọ ta ni, ilé wo ló ń lọ.

Ìbéèrè gidi ni. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹni tó ń ti ìta bọ̀ nìkan ni wọ́n bi. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń torí wọn ṣọ́nà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àdúgbò bíi tiwọn náà ni wọ́n ti dàgbà, níṣojú àwọn àgbà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa igbó, tí wọ́n ń kó ara wọn jọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Àwọn tó ń pa òwe yìí pọ̀. Àwọn tó ń fi í ṣọ́ ilé kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá tú ìtàn àwọn ọ̀daràn, àwọn gbájúẹ̀ àti àwọn apàṣẹwàá tó da Nàìjíríà láàmú wò, yóò rí i pé ojú ibì kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé. Ẹnìkan ti wà nínú ilé tó ṣílẹ̀kùn dè wọ́n.

Lawrence Anini, adigunjalè, ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1986, òun àti Monday Osunbor sọ ìlú Benin di ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fọkàn balẹ̀ wakọ̀. Wọ́n já mọ́tò gbà, wọ́n ja báńkì lólè, wọ́n pa ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Ààrẹ Ibrahim Babangida kọjú sí Etim Inyang, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá, ó bi í pé níbo ni Anini wà. Inú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá gan-an ni ìdáhùn wà. Nígbà tí wọ́n mú Anini ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, orúkọ George Iyamu jáde, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń tú àṣírí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún adigunjalè. Àwọn ọlọ́pàá kéékèèké ń kú lójú pópó, ọ̀gá wọn sì ń bá ẹni tó ń pa wọ́n dọ́rẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1987, ìbọn dún, Anini, Osunbor àti Iyamu kú lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó yẹ kí ìlú kọ́ ni pé kò sí bí wọn ìbá ṣe rí Anini mú kíákíá nígbà tí Iyamu ṣì ń jókòó sínú ìpàdé àwọn ọlọ́pàá.

Emmanuel Nwude kò gbé ìbọn ní tirẹ̀. Láàárín ọdún 1995 sí 1998, òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ta pápákọ̀ òfurufú Àbújá kan tí kò sí láyé fún Banco Noroeste ní orílẹ̀-èdè Brazil. Nwude pe ara rẹ̀ ní Paul Ogwuma, ẹni tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà. Owó tí báńkì náà pàdánù lé ní mílíọ̀nù 240 dọ́là. Títí dòní làwọn kan ń sọ ìtàn yìí bí ẹni ń ki akọni, pé Nwude gbọ́n. Ṣùgbọ́n owó náà kò ní jáde bí kò bá sí Nelson Sakaguchi, ọ̀gá kan nínú báńkì yẹn, tí wọ́n ṣèlérí mílíọ̀nù 10 dọ́là fún. Òun ló ń san owó náà jáde díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn tó ni báńkì mọ̀. Olójúkòkòrò tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbájúẹ̀ ń wá kiri.

Ìtàn Salisu Buhari kúrú, ṣùgbọ́n ó dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1999, ó di olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Ó parọ́ ọjọ́ orí, ó parọ́ pé òun kàwé gboyè ní Yunifásítì Toronto. Ìwé ìròyìn TheNEWS tú u fó, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí oṣù Keje tó parí. Ilé ẹjọ́ ní kó san owó ìtanràn, ìjọba dárí jì í ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2013, wọ́n tún fi í sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka. Ẹni tó yí ìwé ẹ̀rí di ẹni tó ń bójú tó ilé tí wọ́n ti ń fúnni níwèé ẹ̀rí! Irọ́ ọdún 1999, ẹnu ẹnìkan ló ti jáde. Ìtìjú ọdún 2013, ọwọ́ àwọn tó yàn án ló ti wá.

Ti òṣèlú ló ṣòro sọ jù, nítorí àwọn tó ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Alhaji Lateef Jakande ni gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983. Ilé Jakande tó wà ní Abẹ́ṣan, ní Alímọ̀ṣọ́ níhìn-ín, ṣì ń bo ọ̀pọ̀ ìdílé lórí. Nígbà tí Sani Abacha gbàjọba ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1993, Jakande gbà láti ṣe mínísítà, Olu Onagoruwa àti Ebenezer Babatope gbà pẹ̀lú. Ìrètí wọn ni pé Abacha yóò gbé agbára fún M.K.O. Abíọ́lá tó borí ìbò ààrẹ. Ọlá wọn ló fi wọlé sọ́kàn aráàlú. Nígbà tí Abacha tú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà rẹ̀ ká ní 1995, ó ti rí ohun tó ń wá. Abíọ́lá ti wà ní àtìmọ́lé láti ọdún 1994; ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa Kudirat ìyàwó rẹ̀ l'Ékòó níbí. Onínúure tó yá apàṣẹwàá ní orúkọ rere kò lè gba orúkọ náà padà bó ṣe yá a.

Àwọn kan yóò ní olè ló jẹ̀bi, kí wọ́n má di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Òótọ́ ni pé olè ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ká dá olè lẹ́bi kò tíì ti ilẹ̀kùn. Àwọn ará Pleasure kò sì ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ẹ̀rí èyí. Nínú òkùnkùn tó ṣí ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, àwọn olè lu ọ̀pá epo ní Abúlé-Ẹ̀gbá, wọ́n fa tiwọn tán, wọ́n wakọ̀ lọ. Epo ń tú jáde. Àwọn èèyàn gbé kẹ́ẹ̀gì, garawa àti bààfù jáde, ìyá pe ọmọ, ọmọ jí àbúrò. Nígbà tí iná sọ, ó ju igba èèyàn lọ tó jóná. Ìṣẹ́ ló lé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó fi òkú wọn ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n àwọn tó lu ọ̀pá ti lọ. Aládùúgbò ló kú.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ onílé tó ń dáwó ra géètì tuntun tún mọ irú ẹni tí ayálégbé wọn jẹ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀ gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá, kí àwọn olùdìbò sì kọ̀wé béèrè nílé ìwé náà. Kí bàbá tí ọmọ rẹ̀ gbé mọ́tò wálé láìníṣẹ́ lọ́wọ́ má fi àdúrà gbà á kó tó fi ìbéèrè gbà á.

Tọ́ọ̀ṣì ọdún 2020 ṣì wà nílé. Bí wọ́n ṣe tàn án sójú àlejò lóru ọjọ́ yẹn, kí wọ́n tàn án sínú ilé pẹ̀lú, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀: ta ni ìwọ ń ṣílẹ̀kùn fún?