Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé, ẹ béèrè: wáyà mélòó ló wà nínú ògiri?

Bí ilé bá jó l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn ni pé, "NEPA ló mú iná wá lójijì." Orúkọ NEPA ti kúrò lórí iṣẹ́ yìí tipẹ́, síbẹ̀ òun la ṣì ń di ẹ̀bi rù. Mi ò sọ pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í ba nǹkan jẹ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú ilé púpọ̀, ewu ti wà nínú ògiri kí ayálégbé tó kó ẹrù dé: wáyà tó tín-ín-rín ju iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un lọ.

Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ iná, òfin ni mo kà. Ṣùgbọ́n ìṣirò inú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ti ọmọ JSS lọ. Ẹ wo iye wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ẹ fi fóòtì 230 pín in, ẹ ti rí iye áńpù tó máa gba inú wáyà kọjá. Kẹ́tùlù wọ́ọ̀tì 2,000 máa fa bíi áńpù 9. Áyọ́ọ̀nù wọ́ọ̀tì 1,200 máa fa bíi 5, máíkírówéèfù tó ń jẹ wọ́ọ̀tì 1,200 náà máa fa bíi 5. Tẹ́ ẹ bá tan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè lórí ìlà wáyà kan ṣoṣo, áńpù 19 nìyẹn.

Ó yá, wáyà wo ló lè gbé e? Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè mọ́ wáyà, 1.5, 2.5 tàbí 4, kì í ṣe ti rọ́bà ara rẹ̀. Ìwọ̀n ojú bàbà inú rẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá gé e. Tí wọ́n bá fi 1.5 sínú páìpù nínú ògiri, bíi áńpù 14 sí 17 ni agbára rẹ̀. Gílóòbù ló wà fún. Èyí tó jẹ́ 2.5 lè gbé bíi 20 sí 24, òun ló yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tó jẹ́ 4 lè gbé bíi 26 sí 32. Òun ni wọ́n sábà máa ń lò fún ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, kí kálukú wọn sì ní ìlà tirẹ̀.

Ojú ọjọ́ tó jẹ́ 30°C ni wọ́n fi ṣírò àwọn iye yẹn o. Ẹ wá ro òkè àjà lábẹ́ páànù, ní ọ̀sán oṣù Kẹta. Tó bá di 40°C níbẹ̀, áńpù 24 yẹn ti wálẹ̀ sí bíi 21. Tí wọ́n bá tún ki wáyà mẹ́wàá sínú páìpù kan, ó tún máa dín sí i.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tẹ́rù bá wúwo jù? Wáyà á gbóná. Tí áńpù bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Rọ́bà wáyà tá a sábà ń rà kò ju 70°C lọ. Tó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀, á máa gan, á máa sán díẹ̀díẹ̀. Kì í jó lọ́jọ́ kan náà, ìyẹn ló sì ń tan èèyàn jẹ. Ó lè gba ọdún bíi mélòó kan, tí onílé á máa sọ pé, "Ilé yìí ò ní wàhálà kankan."

Jíjìn náà ṣe pàtàkì. Wáyà 1.5 tó gùn ní mítà 30, tó ń gbé áńpù 15, máa jẹ bíi fóòtì 13 lọ́nà. Wáyà 2.5 máa jẹ bíi 8. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ amúlétutù yàrá ẹ̀yìn fi lè máa kérora, tẹ́ ẹ sì ń bú iléeṣẹ́ tó ṣe é.

Bírékà wá ńkọ́? Tó bá ń já, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ti 20, wọ́n á fi ti 40 sí i. Ewu ńlá ni. Wáyà ni bírékà ń ṣọ́. Ẹrù kò gbọ́dọ̀ ju bírékà lọ, bírékà kò sì gbọ́dọ̀ ju wáyà lọ. Ẹni tó fi bírékà 40 sórí wáyà 2.5 dà bí ẹni tó lé ọlọ́dẹ lọ torí pé ó ń pariwo olè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ínfátà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́ọ̀tì 2,000 tó ń ti ara bátìrì fóòtì 12 bọ̀ ju áńpù 166 lọ. Lórí fóòtì 48, kò ju bíi 42 lọ. Tí wọ́n bá fi wáyà tín-ín-rín so bátìrì fóòtì 12 mọ́ ínfátà, iná ni wọ́n ń kó wọlé.

Láìpẹ́ yìí tí mò ń wá ilé, èjẹ́ǹtì tó mú mi yí ká ń ka táílì àti POP fún mi. Mo bi í pé wáyà mélòó ni wọ́n lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé lẹ fẹ́ gbé ni àbí wáyà lẹ fẹ́ rà?" Ìṣòro wa gan-an nìyẹn. Ohun tójú rí là ń náwó sí.

Àwọn onílé ní àwíjàre o. Nígbà tí wọ́n kọ́ òmíràn nínú ilé wọ̀nyí, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù mẹ́ta ni ayálégbé ń kó wá. Oníṣẹ́ iná náà á ní òun kọ 2.5 sínú ìwé, ẹni tó ń kọ́lé ló ní kóun ra èyí tó dínwó. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ẹni tó ra ọ̀bùn yìí kọ́ ló sì ń sùn nínú ilé náà.

Òfin kò ṣàìmọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1932, nínú ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson, obìnrin kan ní Scotland sọ pé òun bá ìgbín jíjẹrà nínú ìgò ohun mímu tí ọ̀rẹ́ òun rà fóun. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó ṣe ohun mímu lè jẹ ẹni tó mu ún ní gbèsè ìṣọ́ra, bí wọn ò tiẹ̀ bára wọn dówò pọ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ wa náà ń tẹ̀lé ìlànà yìí. Ẹ fi wáyà rọ́pò ìgbín. Nílé wa níbí, òfin ọdún 2015 tó dá àjọ NEMSA sílẹ̀ fún un láṣẹ láti yẹ iṣẹ́ iná wò, kó sì fọwọ́ sí i.

Ohun tó kù ni pé kó dé ẹnu ọ̀nà ayálégbé. Èrò mi ni pé kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ọ́ di dandan: kò sí ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò iná, kò sí gbígba owó ilé. Títí dìgbà náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ ti yẹ wáyà wò. Ẹ béèrè ìwọ̀n wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ amúlétutù ní ìlà tirẹ̀. Tí mẹ́ta bá ń gbé ilé kan, ẹ dáwó jọ, ẹ pe oníṣẹ́ iná tiyín.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba ló lówó tó lè fi kọ́ òmíràn. Àwa tá à ń dáwó láti san owó ilé ọdún kan, ẹ jẹ́ ká béèrè kówó tó kúrò lọ́wọ́ wa.